Páálí àwòrán kòkòrò abìyẹ́ ayé àtijọ́ tí mo rà ní Àjàṣẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ra páálí àwòrán ńlá kan ní ilé ìtàwé kékeré kan lẹ́bàá ọjà Ouando, mo sì san 3,500 fàráǹsì lórí rẹ̀. Àwọn kòkòrò abìyẹ́ tí wọ́n ti run láyé ni wọ́n yà sí i, èdè Faransé ni wọ́n fi ṣàlàyé wọn, ọmọbìnrin mi tí kì í jẹ́ kí lámilámi sinmi létí ọ̀sà ni mo sì rà á fún.

Èyí tó gba àárín páálí náà ni Meganeura, kòkòrò ńlá kan tó jọ lámilámi, tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí Charles Brongniart, onímọ̀ nípa kòkòrò ayé àtijọ́, sì sọ lórúkọ ní ọdún 1885 lẹ́yìn tí wọ́n rí àmì ìyẹ́ rẹ̀ lára òkúta níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ní Commentry, nílẹ̀ Faransé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó ṣe tóbi gan-an ni wọ́n yà á. N kò gbà, mo yá téèpù lọ́wọ́ ìyá aránṣọ àdúgbò wa, mo sì bá 65 sàǹtímẹ́tà àti díẹ̀ láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì, èyí tó bá ohun tí àwọn onímọ̀ wí mu.

Ṣùgbọ́n wọ́n ya òmíràn tó bà sórí ewé, wọ́n sì ká ìyẹ́ rẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ti aáyán. Ẹni tó bá ti mú lámilámi rí mọ̀ pé kì í ká ìyẹ́ bẹ́ẹ̀. Oríkèé tí aáyán àti tata fi ń ṣe é kò sí lára rẹ̀, kò sì sí lára Meganeura. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé wọ́n pè é ní baba ńlá lámilámi. Ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ka tirẹ̀ yà lọ, ó sì parun. Bí a bá fi ti agboolé wa wé e, ẹ̀gbọ́n baba ńlá tí kò fi ọmọ sílẹ̀ ni. Àmì dúdú kékeré tó máa ń wà létí ìyẹ́ lámilámi, nítòsí ṣóńṣó, kò sí lára ìyẹ́ tirẹ̀ rárá.

Àwọn Palaeodictyoptera, ẹ̀yà kòkòrò mìíràn tó ti run, ni wọ́n yà dáadáa jù: ìyẹ́ ńlá mẹ́rin, ìyẹ́ kékeré méjì níwájú wọn, àti ẹnu bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa oje igi. (Ọpẹ́ ni pé wọn kò sí nínú oko wa mọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rékọjá òpin sànmánì Permian, ní nǹkan bí 252 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.) Ní ti dáínásọ̀ tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀, ẹ fi ìwé lẹ̀ ẹ́ bò, nítorí ó lé ní 50 mílíọ̀nù ọdún lẹ́yìn Meganeura kí ó tó dé.

Ẹni tó tà á fún mi ní sùúrù, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó, síbẹ̀ ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ ti ń ṣí ní igun méjì. Bí wọ́n bá tún kó òmíràn dé, n óò ra ọ̀kan fún kíláàsì tí mo ń kọ́, ṣùgbọ́n n óò ní kí wọ́n yọ 500 fàráǹsì nítorí ọ̀rá náà.