Pẹ́ńsù onígi àbí pẹ́ńsù títẹ̀? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra ohun èlò tí yóò fi máa ya ẹyẹ nínú ìgbẹ́

Ẹyẹ igbó kì í jókòó de ayàwòrán. Lékelèké tó ń tẹ̀lé màlúù lè dúró díẹ̀ kó tó tún gbé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àtíòro tó bà sórí igi lè fò lọ kí ẹ tó fa ìlà méjì tán. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ìbéèrè kan ṣoṣo yẹ gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi wéra níbí wò: ṣé ojú yín á lè wà lára ẹyẹ, àbí ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni ẹ ó máa bá yí? Pẹ́ńsù tó ń kán, ìwé tí atẹ́gùn ń ṣí, awò ìwòréré tó ń gbọ̀n, ẹ má rà wọ́n, bó ti wù kí orúkọ ara wọn lókìkí tó.

Bírò kò sí nínú ìfiwéra yìí. Òjò kì í fọ gíráfáìtì, ìyẹn ohun dúdú inú pẹ́ńsù, oòrùn kì í sì í mú un ṣá. Inki inú ọ̀pọ̀ bírò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Onígi àti títẹ̀

Onígi ni èyí tí a ń gbẹ́; títẹ̀ ni èyí tí a ń tẹ̀ lórí kí gíráfáìtì inú rẹ̀ lè yọ síta. Kò sí òjé nínú èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Gíráfáìtì ló ń kọ̀wé. Ní 1795 ni Nicolas-Jacques Conté, ará Faransé, gba ìwé àṣẹ fún ọ̀nà tó fi ń po gíráfáìtì lílọ̀ mọ́ amọ̀, tó sì ń fi iná sun ún. Bí pẹ́ńsù onígi ṣe ń jáde títí di òní nìyẹn. Bí amọ̀ bá pọ̀, pẹ́ńsù á le, ìlà rẹ̀ kò sì ní dúdú tó bẹ́ẹ̀: òun ni wọ́n ń kọ H sí lára. Bí gíráfáìtì bá pọ̀, á rọ̀, á sì dúdú: B nìyẹn. HB wà láàárín. Bí nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́tà náà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni líle tàbí rírọ̀ náà ń pọ̀ sí i.

Pẹ́ńsù onígi ní ẹ̀gbẹ́, títẹ̀ kò ní. Ẹ lè fi ẹnu rẹ̀ fa àgógó ẹyẹ tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá dà á dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kun òjìji abẹ́ apá, láìpààrọ̀ ohunkóhun. Ẹ wo àwòdì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó bá ń yí po lójú ọ̀run. Bí a bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú pátá, apá rẹ̀ nà, ìrù rẹ̀ sì là díẹ̀ láàárín. Ẹ̀gbẹ́ 2B onígi á mú gbogbo ìyẹn ní ìfà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ títẹ̀ 0.5 (tí gíráfáìtì inú rẹ̀ nípọn ní mílímítà 0.5) ló wà lọ́wọ́ yín, ìlà wẹ́wẹ́ ni ẹ ó máa tò, kí apá kan tó kún, àwòdì ti kọjá sẹ́yìn igi.

Níbi tí títẹ̀ ti borí ni ohun kéékèèké: ojú, èékánná, àmì tó wà lára ìyẹ́ àparò. Ẹnu rẹ̀ kì í kú, kò sì sí pé ẹ ń wá abẹ láti gbẹ́ ẹ nígbà tí ẹyẹ wà níwájú yín. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ẹ bá rà ṣe pàtàkì. Títẹ̀ 0.3 wà fún orí tábìlì. 0.5 máa ń kán bí ọwọ́ bá wúwo, ọwọ́ ẹni tó ń sáré ya ẹyẹ kì í sì í fúyẹ́. 0.7 tàbí 0.9 ni mo fara mọ́ fún ìta.

Oríṣi kẹta kan wà tí lẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá gíráfáìtì inú rẹ̀, jẹ́ mílímítà 2, irú Mars technico ti Staedtler. Lẹ́ẹ̀dì náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè gbẹ́ ẹ kó ní ẹ̀gbẹ́ bíi ti onígi, kò sì ń kúrú lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀ n kò ní sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ rà á: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láìfi ọwọ́ dí ẹnu rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì odindi lè jábọ́ sínú koríko, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ẹ ó ti máa rí òmíràn rà.

Nọ́ńbà wo?

Níbi tí ojú ọjọ́ wa ti ya ọ̀tọ̀ gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá láti ibi tí òtútù ti ń mú. Ní ibi àbàtà bíi Lekki Conservation Centre l'Ékòó, ọwọ́ á làágùn, ìwé náà á sì fa ọ̀rinrin. Bí ẹ bá fi 6B ya nǹkan níbẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ yín á fa dúdú rẹ̀ ká gbogbo ojú ìwé. Bí ẹ bá mú 2H, ìwé tó ti rọ̀ náà á jìn síbi tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ìlà náà kò sì ní hàn dáadáa. HB àti 2B ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ra páálí tàbí agolo oníméjìlá tí nọ́ńbà inú rẹ̀ yàtọ̀ síra. Mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni kò ní kúrò nílé. Owó yẹn á ra 2B mẹ́rin tó dára, owó á sì ṣẹ́kù.

Nínú àwọn tó dára, Lumograph ti Staedtler aláwọ̀ búlúù àti 9000 ti Faber-Castell aláwọ̀ ewé ni ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn jù. Jámánì ni méjèèjì ti wá, àti ọdún 1905 ni 9000 ti wà lọ́jà. Ní ti iṣẹ́ ìta, n kò rí ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ rin ìrìn àjò. Èyí tí ẹ bá rí lẹ́yọ lẹ́yọ ni kí ẹ rà. Pẹ́ńsù HB àwọn ọmọ ilé ìwé náà lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo ìdí rẹ̀: bí gíráfáìtì kò bá wà ní àárín igi gẹ́lẹ́, á máa kán ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń gbẹ́ ẹ. Ẹ fà á lórí bébà: bó bá ń ha bébà bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà.

Àwọn oríṣi tó ń di ọ̀dà bí omi bá kàn án wà pẹ̀lú. Wọ́n dára nílé. Nínú òjò, wọ́n á ba iṣẹ́ jẹ́.

Ní ti àwọ̀, mi ò ka pẹ́ńsù aláwọ̀ sí ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà. Lẹ́tà ni mo ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán: pp fún pupa, dd fún dúdú, ff fún funfun. Ìbátan ẹ̀gà kan wà tó jẹ́ pé ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló ń gbé, tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn pè ní Malimbus ibadanensis ní 1958. Inú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i. Orí àti àyà akọ rẹ̀ pupa, ìyókù ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. Ẹni tó bá ń ṣí páálí pẹ́ńsù aláwọ̀ nígbà tí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ yọjú kò ní rí i yà. Ẹ ya ìrísí rẹ̀, ẹ kọ pp sí orí, ó parí.

Ìwé

A6 ń wọ àpò, ṣùgbọ́n ẹyẹ kan péré ló ń gbà. A5 ni kí ẹ rà, nítorí ojú ìwé kan gbọ́dọ̀ gba orí mẹ́ta, ara méjì àti apá tí kò parí. Ẹ̀yìn ìwé náà gbọ́dọ̀ le kó lè dúró lórí apá láìsí tábìlì. Bébà ẹ̀rọ tó jẹ́ gíráàmù 80 ti fẹ́lẹ́ jù. Láti 120 sókè ló ń fara da ọ̀rinrin. Ẹni tó wà l'Ékòó lè lọ bá àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, kí wọ́n gé bébà tó nípọn ní ìwọ̀n A5, kí wọ́n sì fi páálí líle àti wáyà dì í. Ẹ so pẹ́ńsù kan mọ́ wáyà náà pẹ̀lú okùn.

Rọ́bà ìpawérẹ́ kékeré kan tó rọ̀ ti tó. Bí orí kò bá gún, ẹ ya òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Awò ìwòréré

Ibí ni kí ẹ náwó sí jù. 8x42 túmọ̀ sí pé ó ń fa ẹyẹ sún mọ́ni ní ìlọ́po 8, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mílímítà 42. Ẹ pín 42 sí 8: ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí ojú yín fẹ̀ ní mílímítà 5.25. Ti 10x42 jẹ́ 4.2 péré, ó sì ń fi gbígbọ̀n ọwọ́ hàn jù. Nínú igbó tó ṣú, 8x42 ni mo yàn, pàápàá fún ayàwòrán tó ń gbé awò sókè sódò. Àwọn awò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 60x60 sí lára, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Nọ́ńbà náà kì í ṣe òótọ́, bó bá sì jẹ́ òótọ́, ọwọ́ ènìyàn kò lè gbé e dúró.

Awò gígùn tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta ń fún ọwọ́ méjèèjì láyè láti yàwòrán, ó sì dára fún ẹyẹ tó wà ní gbangba, bíi lékelèké nínú pápá. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọ́n, kò sì wúlò lórí afárá tó ń gba orí igi kọjá ní Lekki, tó gùn ní mítà 401, nítorí afárá náà ń mì bí àwọn ẹlòmíràn bá ń rìn.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó awò, kí ó wá igi tàbí ọ̀pẹ tí ẹ̀gà pa ìtẹ́ sí, wọn kì í jìnnà sí ilé. Àwọn akọ máa ń rọ̀ sábẹ́ ìtẹ́, wọ́n á máa gbọn apá láti pe abo, bí ọ̀kan bá sì dáwọ́ dúró, òmíràn á gbé ìdúró kan náà. Àwòrán tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lára ti àkọ́kọ́, ẹ lè parí rẹ̀ lára ìkẹta. Ìwé A5 kan àti 2B onígi méjì tí ẹ ti gbẹ́ nílé ló ń fẹ́, kí owó 8x42 sì máa pọ̀ sí i nínú kólò.