Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́nu àṣàrò àwọn Júù: owó tí mo san àti ohun tí mo rí gbà

Ẹnu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ọdún kọkànlá rèé. Màmá àgbà kan wà nílé ìtọ́jú tí mo wà tẹ́lẹ̀, Júù ni wọ́n. Tí wọ́n bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, tí mo bá wọn fọwọ́, wọ́n á di fírémù tí wọ́n fi ń rìn mú, wọ́n á dijú, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé òòyì ló ń kọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí mo béèrè, wọ́n ní àdúrà ni. Mo ní, "Àdúrà kẹ̀? Lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣebí èmi tí mò ń da ìtọ̀ nù látinú rọ́bà àwọn ará yàrá kejì ló yẹ kí n mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tó yá, iṣẹ́ òru bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára mi. Mo máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárọ̀, oorun ò ní kùn mí, ọkàn á máa sá kiri bí eku inú àjà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ kọ́ àṣàrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí mo rí pọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni púpọ̀ wọn ti wá. Ìgbà tí mo kan ọ̀kan tí wọ́n ní àṣàrò àwọn Júù fún ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni, màmá yẹn ni mo rántí, ni mo bá fa káàdì yọ. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ń ṣe é, torí èmi àti wọn ní ọ̀rọ̀ owó kan tí mo máa sọ tó bá yá. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Júù Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wá a á rí i.

Dọ́là 180 ni mo san. Ìpàdé kan lọ́sẹ̀ lórí Zoom, wákàtí kan àtààbọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Áàpù kan tí ohùn olùkọ́ wà nínú rẹ̀, òmíràn ìṣẹ́jú márùn-ún, òmíràn ogún. Àti ìwé kékeré tí èèyàn lè tẹ̀ jáde. Rábì obìnrin, ìyẹn aṣáájú ẹ̀sìn Júù, ni olùkọ́ wa. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ ní Niú Yọ́ọ̀kì, èyí tó túmọ̀ sí agogo kan òru lọ́dọ̀ wa níbí. Èmi tí mo máa ń wà lójúfò lóru, ó rọ̀ mí lọ́rùn lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síṣẹ́. Àwọn mẹ́ta yòókù tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì ò pẹ́ tí wọ́n fi pòórá.

Kí n sọ òótọ́, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ò wú mi lórí. Ẹ jókòó, ẹ mí sínú, ẹ mí síta, ẹ fi ọkàn wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín, ẹ gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí dé orí. Wọ́n ti kọ́ wa ní gbogbo ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́ níbi iṣẹ́. Àní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n gé e sí yẹn, ọ̀dọ̀ Jon Kabat-Zinn ló ti wá, ọkùnrin tó dá irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ fáwọn aláìsàn ní yunifásítì kan ní Massachusetts lọ́dún 1979. Wọ́n kàn wọ́n "shalom", bí Hébérù ṣe ń pe àlàáfíà, lé e lórí bí ìgbà tí èèyàn bá wọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí ẹlòmíì sè. Mo fẹ́ gba owó mi padà. Ohun tó dá mi dúró ni pé olùkọ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ òun ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ Búdà ni wọ́n ti kọ́ ìjókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n tó padà sílé láti wo ohun tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀. Ó wá fi ibì kan hàn wá nínú Míṣínà, ìwé òfin àtijọ́ àwọn Júù, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn olùfọkànsìn àtijọ́ máa ń dúró ní wákàtí kan gbáko kí wọ́n tó gbàdúrà, kí ọkàn wọn lè kọjú sí Ọlọ́run. Ó ní bó bá ṣe pé òun ló ṣètò ẹ̀kọ́ náà, ibẹ̀ ni òun ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ojú wá là. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Júù tó ń pa òfin mọ́ máa ń sọ tó bá ti lajú ni wọ́n ń pè ní Modeh Ani. Obìnrin á ní Modah Ani. Ọ̀rọ̀ 12 péré ni lédè Hébérù: mo dúpẹ́ níwájú Rẹ, Ọba alààyè tó wà títí, tí o fi àánú dá ẹ̀mí mi padà sínú mi, òtítọ́ Rẹ pọ̀. Kò sí orúkọ Ọlọ́run nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì láìtíì fọwọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ni pé ká sọ ọ́ kọ́wọ́ wa tó kan fóònù, ká sì dúró díẹ̀ lórí "dá padà". Mo pe ìyá mi ní Iléṣà, mo ṣàlàyé fún wọn tìlù-tìfọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Kí ni mo ń kí yín láàárọ̀ láti kékeré? Ṣé kì í ṣe 'ṣé a jíire'? Dọ́là mélòó lo ní o san?" Mi ò lè fèsì. Òótọ́ sì ni, jíjí jẹ́ ohun tí à ń kí ara wa kú oríire rẹ̀ nílé wa. Àmọ́ mo ti kí "a jíire" fún ogójì ọdún láìgbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló kó gbogbo owó mi wálé. Àdúrà màmá àgbà yẹn ni, Asher Yatzar lorúkọ rẹ̀. Ó wà nínú Talmud, ìwé ńlá tí wọ́n kó àríyànjiyàn àwọn rábì àtijọ́ sí, lórúkọ amòye kan tó ń jẹ́ Abaye. Ó ń fìbùkún fún Ọlọ́run tó fi ọgbọ́n dá èèyàn, tó sì dá ihò-ihò àti kòtò-kòtò sínú ara rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé Hébérù náà pe ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì-mejì bí àwa ṣe ń ṣe. Ó wá ní ó hàn gbangba níwájú ìtẹ́ ògo Rẹ pé bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣí, tàbí bí ọ̀kan bá dí, èèyàn ò lè wà láàyè kó sì dúró níwájú Rẹ.

Bí ọ̀kan bá ṣí, bí ọ̀kan bá dí. Ẹnikẹ́ni tó ti ṣe irú iṣẹ́ mi mọ̀ pé kò sí àsọdùn níbẹ̀. Mo ti rí bàbá tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá níbi iṣẹ́ rẹ̀ láyé àtijọ́, tó ń sunkún bí ọmọdé torí pé ìtọ̀ ò jáde láti àárọ̀. Mo ti rí ìdílé tó pàtẹ́wọ́ torí pé màmá wọn yàgbẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà ò ju ohun tí màmá yẹn ń ṣe lọ: fọwọ́ tán, dúró sẹ́nu ọ̀nà, mí lẹ́ẹ̀kan, sọ ọ́, máa lọ. Kò gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níbi iṣẹ́ ní agogo mẹ́rin ìdájí, lẹ́nu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó ṣe, mo ń sọ ọ́ sínú lẹ́yìn tí mo bá ti tọ́jú ẹlòmíì tán, mo sì ṣàkíyèsí pé ọwọ́ mi ti rọ̀ lára wọn, mi ò fi bẹ́ẹ̀ kánjú fa aṣọ mọ́. Ó dùn mí pé màmá yẹn ti kúrò láyé kí n tó lè sọ fún wọn.

Ibí gan-an ni mo ti mọ ohun tí mo ń rà. Àwọn áàpù yòókù tí mo ti lò máa ń ní kí n yọ ogún ìṣẹ́jú sọ́tọ̀, kí n wá ibi jókòó. Ta ló ní ogún ìṣẹ́jú? Àwọn Júù ti gbé tiwọn há ẹnu ọ̀nà, ìdí omi, orí búrẹ́dì. Rábì Meir inú Talmud ní ó yẹ kí èèyàn sọ ìbùkún ọgọ́rùn-ún lóòjọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo dé mẹ́tàdínlógún, mo gbàgbé oǹkà.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, hashkatah, ìyẹn mímú ọkàn rọlẹ̀, ọgbọ́n Rábì Kalonymus Kalman Shapira ti Piaseczno, lẹ́bàá Warsaw. Èèyàn á tẹjú mọ́ ọwọ́ agogo títí ọkàn á fi dẹ̀kun eré sísá, á wá sọ ẹsẹ kan láti inú Orin Dáfídì 86 pé Olúwa, kọ́ mi ní ọ̀nà Rẹ. Ọkùnrin yìí ni bọ́ǹbù pa ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́dún 1939, tó sì ń wàásù fáwọn èèyàn rẹ̀ nínú àhámọ́ táwọn Násì kó wọn sí ní Warsaw, títí wọ́n fi gbé e lọ tí wọ́n sì pa á lọ́dún 1943. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wú ìwé rẹ̀ jáde lẹ́yìn ogun. Ìtàn yìí mú mi ju àṣàrò rẹ̀ lọ, kí n má purọ́. Mo tẹjú mọ́ agogo yàrá ìsinmi wa fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo sùn lọ.

Ti ọ̀sẹ̀ kẹfà yàtọ̀. Hitbodedut ni wọ́n ń pè é, Rábì Nachman ti Breslov ló tẹnu mọ́ ọn jù. Wọ́n bí i ní 1772, ó kú ní Uman, ní Yukréènì, ní 1810, ọmọ ọdún 38 péré. Ó ní kí èèyàn dá jáde lọ sí pápá tàbí sí yàrá kan, wákàtí kan lójúmọ́, kó máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní èdè tó ń sọ nílé. Yídíìṣì ni tàwọn èèyàn tirẹ̀. Yorùbá ni tèmi. Mo lọ sí etí odò Lea, ní Hackney Marshes, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú. Inú Kérúbù ni wọ́n tọ́ mi dàgbà o, mo ti gun orí òkè, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà! Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára: Ọba àwọn ọba, Alágbára láéláé, ẹ̀yin ọ̀tá ilé bàbá mi. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Kò sí ọ̀tá kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yẹn, àfi pẹ́pẹ́yẹ.

Nachman ní tí ọ̀rọ̀ bá tán, kí èèyàn máa pe gbólóhùn kan ṣoṣo: Olúwa ayé. Mo ń pè é. Ọkùnrin kan tó mú ajá kọjá wò mí, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Olúwa ayé, mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ." Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá mi jáde. 2020 ni wọ́n lọ, pápákọ̀ òfurufú wà ní títì, orí WhatsApp ni mo ti wo ìsìnkú. Mi ò tíì bá Ọlọ́run sọ ọ́ rí torí kì í ṣe ohun tí mò ń tọrọ. Mo sọ ọ́ títí ọwọ́ mi fi di yìnyín nínú àpò.

Ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n kọ́ wa ní ṣíṣe ìṣirò ọkàn lálẹ́, ìwà 13, ọ̀sẹ̀ kan fún ìwà kọ̀ọ̀kan, bí òǹkọ̀wé Júù kan, Menachem Mendel Lefin, ṣe tò ó ní 1808 lẹ́yìn tó yá a lọ́wọ́ Benjamin Franklin ti Amẹ́ríkà. Sùúrù ni mo mú. Mo kọ́ níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí Hébérù ń pe sùúrù bá ọ̀rọ̀ tó ń pe alábàárù tan, orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Ọjọ́ Ìsinmi: fóònù pípa láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ Sátidé, wákàtí mẹ́ta ni mo lè fún un.

Ọ̀rọ̀ owó wá dé. Oṣù kan lẹ́yìn tí a parí, báńkì fi hàn mí pé wọ́n ti tún gba dọ́là 30. Àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ ojú ewé tí mo ti sanwó, àwọn fúnra wọn ló ti fàmì sí i pé kí áàpù máa lọ. Ìmeèlì mẹ́ta ni mo kọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo dúró kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìfọkànsí ló ń retí pé kí n má fọkàn sí nǹkan. Áàpù náà tún ní àbùkù: ó ń kọ Hébérù ní lẹ́tà tiwa kíákíá, kí n tó ka ọ̀rọ̀ kejì, ó ti lọ. Bákan náà, tí ẹ kì í bá ṣe ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ inú fún àjèjì méjìdínlógún lórí Zoom, ẹ ti kámẹ́rà yín. Mo ti tèmi.

Mo bi olùkọ́ léèrè bóyá ó bójú mu kí Kristẹni máa ṣe èyí. Kò fi òyìn sí i. Ó ní ìdúpẹ́, Orin Dáfídì àti hitbodedut, kí n máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ìbùkún tó bá ní Ọlọ́run "pàṣẹ fún wa", kí n fi sílẹ̀ fáwọn Júù, torí àwọn ló pa á láṣẹ fún. Ìdáhùn yẹn wù mí. Ìyá mi ní tiwọn fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti di Júù. Mo ka Jẹ́nẹ́sísì 24 fún wọn, ibi tí Ísáákì ti jáde lọ ṣe àṣàrò ní oko ní àṣálẹ́. Mo ní ibẹ̀ làwọn rábì ti fa àdúrà ọ̀sán wọn yọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣáà má jẹ́ kó pa ìsìn Sọ́ńdè lára."

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún ẹ̀kọ́ náà, méjì fún áàpù. Ẹni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ ti di àìsàn, dókítà ni kó wá, kì í ṣe èyí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru bíi tèmi, tó ti sú láti máa wá ibi jókòó, kó gbà á, kó sì yẹ ojú ewé ìsanwó wò dáadáa. Mo ti fagi lé áàpù náà.

Àwọn Júù máa ń gbé Asher Yatzar kọ́ ara ògiri níta tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Mo kọ tèmi ní Yorùbá sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n jọ̀ọ́ yọ ọ́ káwọn ọ̀rẹ́ òun tó dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó ṣì wà níbẹ̀.