Tábúlẹ́ẹ̀tì 24 fún kíláàsì kẹrin: ohun tó tọ́ sí owó àti ohun tó ń jẹ iná lásán

Kí ẹ tó ra tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ lọ ka iye sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri yín. Mo mọ̀ pé áàpù tó dára jù lẹ fẹ́ gbọ́, a ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná ló máa ń gbẹ̀mí irú ètò báyìí kí áàpù tó ráyè la ẹnu.

Ilé ìwé aládàáni kékeré kan ni mo ti ń ṣe tíṣà, lápá Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kíláàsì kẹrin ni tèmi, ọmọ 46. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tó wà l'Ékòó àti ní Kánádà ló dáwó jọ, wọ́n fi tábúlẹ́ẹ̀tì 24 ránṣẹ́. A gbàdúrà, a jó, a ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó béèrè pé sọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà ní kíláàsì. Ọ̀kan ni, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló sì wà. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe olórúkọ ńlá: Android ni wọ́n, ojú wọn ínǹṣì méje, RAM gígábáìtì méjì, ààyè ìkópamọ́ gígábáìtì 16. Irú wọn kún Computer Village ní Ìkẹjà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná yẹn. Ṣájà kékeré tó bá wọn wá ń gba nǹkan bíi wọ́ọ̀tì mẹ́wàá. Tí gbogbo wọn bá jọ ń gba iná lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́ọ̀tì 240 nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour lè gbé e láì mí hẹlẹ. Jẹnẹrétọ̀ kọ́ ni wàhálà, àwọn ẹ̀rọ ìpíná tí wọ́n ń kì bọ ara wọn ni. Ọ̀kan wọnú ìkejì, ìkejì wọnú ìkẹta, títí pílásítíìkì èyí tó wà lára ògiri fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ má ṣe é. Ṣájà alójú mẹ́wàá wà lọ́jà, èyí tí wáyà USB mẹ́wàá lè jọ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Méjì nínú irú rẹ̀ ṣe é fún wa, àti bàbá géètì tó jẹ́ olóòótọ́. Ọjọ́ tí ọ́fíìsì bá tan jẹnẹrétọ̀ ni bàbá ń gba iná sí wọn, kì í ṣe ojoojúmọ́.

Ohun kejì tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa ni ẹnu tí wáyà ń wọ̀. Tiwa jẹ́ ti àtijọ́, èyí tó fẹ̀ lápá kan tó sì tín-ín-rín lápá kejì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í wò ó kó tó kì í bọ̀ ọ́. Bí kò bá wọlé, yóò fi agbára tì í. Ẹnu yẹn á lanu, á máa mì, lẹ́yìn náà ẹ ó máa fi rọ́bà de wáyà mọ́ ọn kí iná tó lè wọlé. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹnu wáyà rẹ̀ jẹ́ Type-C ni kẹ́ ẹ rà, torí ẹnu yẹn kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí, èyí ló máa gba owó yín là jù.

Ti omi náà ń bẹ. Àwa Ìjẹ̀bú la ni gààrí, àwọn ọmọ mi kì í sì í fi ìsinmi ọ̀sán ṣeré: gààrí rírẹ, ẹ̀pà, ṣúgà. Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kò mọ ọwọ́ tútù. Bí omi bá kán sí i, yóò máa tẹ ara rẹ̀ kiri, á ṣí èyí, á pa tọ̀hún, ọmọ á ní "Ànńtí, ó ti ya wèrè." Aṣọ gbígbẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn báyìí. Ẹni tí kò bá nu ọwọ́ kì í fọwọ́ kàn án.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ti áàpù.

Kolibri ni mo kọ́kọ́ fún ní máàkì. Àjọ Learning Equality ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, àwọn kan náà ló ṣe KA Lite tó ṣáájú rẹ̀ ní 2012. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: láptọ́ọ̀pù kan ni ẹ ó kó gbogbo ẹ̀kọ́ sí, ráútà kan tí kò ní síìmù nínú á so àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, àwọn ọmọ á sì ṣí i lójú búráósà bí ẹni tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà kò sí níbẹ̀ rárá. Láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó tí ọ̀gá fẹ́ sọ nù la fi ṣe tiwa. Ẹ má gbìyànjú láti fa gbogbo ẹ̀kọ́ Khan Academy, ìyẹn àwọn fídíò àti ìbéèrè ọ̀fẹ́ tó wà nínú rẹ̀, wálẹ̀ o, ó tóbi. Èyí tí kíláàsì yín nílò ni kẹ́ ẹ mú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àgó-Ìwòyè tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yára ló bá mi fà á lóru, mo fi fúláàṣì gbé e wá sílé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni ojú ewé tíṣà. Bí àwọn ọmọ bá ṣe ìbéèrè tán, ó ń fi èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kùnà hàn mí, lórí láptọ́ọ̀pù, kí n tó kúrò ní kíláàsì. Tẹ́lẹ̀, mo ní láti kó ìwé 46 relé, kí n sì máa wò wọ́n lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Nítorí èyí nìkan, mo lè bá ẹni tó bá fẹ́ gba láptọ́ọ̀pù yẹn lọ́wọ́ mi jà.

Nínú Kolibri yẹn náà ni àwọn àwòrán PhET wà, èyí tí ọmọ lè fọwọ́ yí kó sì rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Yunifásítì Colorado tó wà ní Boulder ló ṣe wọ́n, Carl Wieman tó gba ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì ní 2001 ló dá ètò náà sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Èyí tí mò ń lò ni ti ìdá. Ẹ ó rí roboto, ẹ ó rí kéèkì, ẹ ó rí ife tí omi wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì lè yí nọ́ńbà tòkè àti tìsàlẹ̀.

Mo bi kíláàsì pé èwo ló pọ̀ jù, ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin? Ẹ̀yin tíṣà ti mọ ìdáhùn tí mo gbà. "Ti mẹ́rin ni, Ànńtí!" Ṣé mẹ́rin kò ju mẹ́ta lọ ni? N kò dá wọn lóhùn. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà lanu gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ó yí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ sí mẹ́ta, omi inú ife ga. Ó yí i sí mẹ́rin, omi wálẹ̀. Ó tún yí i padà, ó tún wò ó. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í ní irọ́ ni, ẹ̀rọ yẹn ló bàjẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà á ní ẹnu Ìjẹ̀bú, kíákíá, bí ẹni ń ná ọjà, títí ọmọbìnrin náà fi bi í pé bí àwọn mẹ́rin bá jọ pín gààrí kan, ṣé ó máa yó tó ìgbà táwọn mẹ́ta bá pín in? Ọmọkùnrin náà dákẹ́. Ó wo ife náà. Ó yí i sí márùn-ún fúnra rẹ̀.

Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ọmọ méjì sí tábúlẹ́ẹ̀tì kan ló tọ́. Ọmọ 46, tábúlẹ́ẹ̀tì 23, èyí tó ṣẹ́ kù jẹ́ tèmi. Àwọn tó fi ránṣẹ́ ń tọrọ àforíjì pé kò kárí, wọ́n ní àwọn á tún dáwó. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, kí wọ́n fi owó yẹn ra sólà. Nígbà tí a fún ìdajì kíláàsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíláàsì pa rọ́rọ́, ọ̀gá tó ń kọjá lọ ní "ẹ kú iṣẹ́". Iṣẹ́ wo? Wọ́n kàn ń tẹ ìdáhùn kìíní, ìkejì, ìkẹta, títí àmì tó tọ̀nà á fi yọ, wọ́n á sì bọ́ síwájú. Níbi tí ọmọ bá ti ní ẹnìkejì tó ń bi í pé "kí ló dé tó o fi tẹ ìyẹn?", irú ìwà yẹn kì í pẹ́.

Khan Academy Kids dára fún àwọn ọmọ kéékèèké, kíláàsì kìíní sí ìkejì. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀, èyí sì ṣọ̀wọ́n. N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí àwọn tèmi ti dàgbà jù ú lọ.

Áàpù ìṣirò kan wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ẹ̀kọ́ owó inú rẹ̀ jẹ́ ti kọ́íìnì Amẹ́ríkà látòkè délẹ̀. Ọmọ tí kò rí kọ́íìnì náírà rí láyé rẹ̀, ẹ ní kó mọ èyí tó jẹ́ sẹ́ńtì mẹ́wàá. Mo fò ó. Èmi àti àwọn ọmọ fi páálí gé náírà tiwa, a pàtẹ ọjà lórí tábìlì, ó parí síbẹ̀.

Òmíràn ni áàpù tó ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń kàwé Gẹ̀ẹ́sì sókè, tó sì ń sọ fún un bóyá ó pè é dáadáa. Èrò rere ni, nílé. Ní kíláàsì tí ọmọ méjìlélógún mìíràn ti ń kàwé sókè, ohùn ará ẹ̀gbẹ́ ló ń gbọ́. Ó tún ń dá àwọn ọmọ lẹ́bi nítorí ahọ́n Ìjẹ̀bú. Ọmọ pe "chair" bí a ṣe ń pè é níbí, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tún un pè, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ yẹn mọ ọ̀rọ̀ náà, ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, orí àga gan-an ló jókòó sí! Mo yọ áàpù náà kúrò.

Ẹ̀kọ́ Yorùbá ni ibi tí owó yìí ti mú èrè tó kéré jù wá, ó sì dùn mí. Kolibri fúnra rẹ̀ ṣeé yí sí Yorùbá, àwọn bọ́tìnì rẹ̀ á sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wọ inú ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù. African Storybook ní ìtàn Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni, àwòrán rẹ̀ sì wuyì. Ṣùgbọ́n lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tiwa, àmì ohùn ń ṣáko. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ àti ọ tó ní àmì lábẹ́ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n tí a bá fi àmì ohùn lé e lórí, lẹ́tà yẹn àti àmì á di ohun méjì tí fọ́ǹtì ní láti tò lé ara wọn. Fọ́ǹtì tí kò dára á sọ àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí ṣófo dípò rẹ̀. Àpótí ṣófo ni àwọn ọmọ mi ń kà, wọ́n sì ń kà á gidigidi. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ ìtàn náà sórí láptọ́ọ̀pù, mo sọ ọ́ di PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀, mo kó o padà sínú Kolibri. Àmì dúró sáàyè. Ó gba àkókò, ẹ má jẹ́ n purọ́.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní 2019 tí wọ́n pín ẹ̀bùn Global Learning XPRIZE, ẹgbẹ́ méjì, onebillion àti Kitkit School, jọ gba mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, torí áàpù tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Tanzania ni wọ́n ti dán an wò, Swahili ni gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá wá ńkọ́, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì n'Ífẹ̀ ní 1970? Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń ṣe áàpù owó àti áàpù tẹ́tẹ́, ẹ bojú wo ilé o.

Fún ìgbà yìí, áàpù Yorùbá tó dára jù lórí tábúlẹ́ẹ̀tì wa ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Ọmọ á pa àlọ́, ẹnìkejì á gbà á sílẹ̀, wọ́n á jọ gbọ́ ọ. Ìyá àgbà kan tó ń ta fùfú níwájú ilé ìwé wọlé wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ki oríkì fún wọn. Nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n nù ún, òun máa ki òmíràn tó dára ju ìyẹn lọ. Méjèèjì la fi pamọ́.

Àwọn òbí kan ń pe tiwa ní Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí Aregbesola gbé jáde l'Ọ́ṣun ní 2013 nígbà tó jẹ́ gómìnà. Kì í ṣe irú rẹ̀. Ọmọ girama ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Tiwa kì í relé pẹ̀lú ọmọ, mo sì ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń rò ó pé kó máa relé pé kó tún inú rò.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ti sán. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe n'Íjẹ̀bú-Òde ní owó ojú tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odindi tábúlẹ́ẹ̀tì, nítorí náà a fi sẹ́lótéèpù lẹ méjì, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ti wà lọ́dọ̀ àwọn kíláàsì kejì, wọ́n ń fi gba àlọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní kíláàsì kẹta sókè, láptọ́ọ̀pù kan àti bàbá géètì tó ṣeé fọkàn tán, ẹ rà á, ìdajì iye ọmọ yín ti tó. Bí ti jẹ́lé-ó-sinmi bá ni, ẹ fi owó yẹn ra ìwé aláwòrán.