Ìkìlọ̀: Ọpọlọ ọkọ̀ tèmi ni wọ́n tà fún èmi fúnra mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò yín tí iná rẹ̀ wá ń ṣe ségesège, ẹ dúró ná. Ẹ má tíì ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí láti kọ èyí, mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ.

Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà iná ọkọ̀, tó tún ń ṣe ríwáyà, yọ ọpọlọ ọkọ̀ mi, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ó ní ó ti jóná, ó wá tà á padà fún mi. Ẹ tún un kà o. Ọpọlọ ọkọ̀ mi ni, èyí tó bá ọkọ̀ náà wá. Mo sanwó, mo tún dúpẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín." Olè ni mo ń wúre fún!

Ẹ́sì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kọ́ìlì rẹ̀ tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ń jò, ẹni tó ń bá mi tún un ṣe sì ní àfi kí òun tú gbogbo iwájú jáde. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mi ò dúró ti nǹkan mi o. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ ni mo wà níbẹ̀. Mo tiẹ̀ gba kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó mi, mo ń fi í sàmì bó ṣe ń tú u: ìlà kan sára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìlà kan sára àpótí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wọ̀, ìlà méjì síbí, ìlà méjì sọ́hùn-ún. Ìlà kan ni ti ọpọlọ ọkọ̀. Bí mo ṣe ń fà á ni ìgò yẹ̀ lọ́wọ́ mi, kútẹ́ẹ̀sì sì dà sí etí àpótí náà, ó ṣàn wọ abẹ́ irin tí wọ́n fi gbé e kọ́. Mo nù ún, kò tán. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mo jẹ́ òmùgọ̀ láti ilẹ̀ wá.

Nígbà tó tò ó padà tán, bóòtù mẹ́ta ló ṣẹ́kù sílẹ̀. Mo ní, "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?" Ó ní wọn ò níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, bí wọ́n ṣe máa ń ṣẹ́kù nìyẹn. Mo gbà. Mo da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú píjìn-hóòlù, mo pa á dé, mo wakọ̀ lọ sílé nínú òtútù ẹ́sì, inú mi ń dùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wàhálà dé. Mo tan iná iwájú, abẹ́rẹ́ epo gbéra lọ sókè bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo kún. Mo tẹ búrẹ́kì, iná rédíò ṣú. Tráfíkétọ̀ apá ọ̀tún ń ṣẹ́jú bí ẹni tí eruku bọ́ sí lójú, wáípà sì dúró sí àárín gíláàsì, kò lọ, kò bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ń dún kẹ-kẹ-kẹ-kẹ, ẹ́ńjìnnì ò ta pútú.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí nìyẹn. Kò mú mítà kankan dání, kò wo fíùsì kan ṣoṣo. Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn píjìn-hóòlù, ó fa ọpọlọ ọkọ̀ jáde, ó gbé e sí imú, ó wá nà án sí èmi náà. "Ọ̀gá, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ó ti jóná." Mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi: mo ní òótọ́ ni, òórùn jíjóná ń bẹ níbẹ̀! Òórùn wo? Tí òórùn kan bá wà níbẹ̀ rárá, ti kútẹ́ẹ̀sì ni. Ẹnu mi yìí ni mo fi jẹ́rìí sí irọ́ tí wọ́n ń pa fún mi.

Ó ní kí n lọ jókòó síbi ibòji, òun fẹ́ lọ mú òmíràn wá níbi tí òun ń kó wọn pamọ́ sí. Ó gbé tèmi lọ, ó ní kí òun lè fi wé e. Ó tó wákàtí méjì kó tó dé. Ohun tó gbé dé wà nínú ọ̀rá, wọ́n ti nù ún mọ́ tónítóní, sítíkà tuntun wà lórí rẹ̀. Ó ní tòkúnbọ̀ gidi ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó dé. Ó tún ní tí mo bá fi èyí tó jóná sílẹ̀ fún òun, òun á dín owó kù. Mo yọ̀! Mo rò pé èmi ni mo rẹ́ ẹ jẹ. Owó tí mo kà fún un lẹ́yìn tó "dín in kù" yẹn, mo lè fi ra táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun, kí ó sì tún kù.

Ó tì í bọ ibẹ̀, ó ti wáyà síwá sẹ́yìn, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo iná pé. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yìí, ẹ̀yin náà ì bá gbà á gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, abẹ́rẹ́ epo tún gbéra. Mo padà lọ. Kò tiẹ̀ ya ọ̀gbẹ́ni yìí lẹ́nu. Ó ní ọpọlọ tó jóná ti kó bá àpótí kejì, èyí tó ń darí iná àti ilẹ̀kùn, pé àfi ká pààrọ̀ ìyẹn náà. Mo tún sanwó. Mo tún fi èyí tó yọ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì! Ní ọ̀sẹ̀ kan náà! Àgbàlagbà bíi tèmi, tí mo máa ń jiyàn lórí owó kékeré títí ọjà á fi tú. Ọjọ́ méjì ni ìyẹn fi ṣiṣẹ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ríwáyà ló yọ mí. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bóòtù kankan ò ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n tò ó padà?" Ẹnu mi wọhò.

Ó fi ẹsẹ̀ mítà kan sí òdì bátìrì, ó fi èkejì sí wáyà dúdú tó wà lẹ́yìn mítà iwájú awakọ̀, ó ní kí n tan iná. Ó fi hàn mí: fóòtì mẹ́rin àti díẹ̀. Ó ní kò yẹ kó ju 0.2 lọ níbẹ̀. Ó tú ike tó wà níbi ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀. Wáyà dúdú kan tó nípọn ń mì dirodiro níbẹ̀, òrùka irin wà lẹ́nu rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò bóòtù kan tó ṣófo. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ni. Iná tó bá wọ gíloòbù tàbí ẹ̀rọ, ara irin ọkọ̀ ló ń gbà padà sí bátìrì. Tí ọ̀nà àbọ̀ yẹn bá já, á máa gba inú gíloòbù ẹlòmíràn wá ọ̀nà lọ, ìdí nìyẹn tí rédíò fi ń ṣú tí mo bá tẹ búrẹ́kì. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ń ti wáyà síwá sẹ́yìn, òrùka yẹn fara kan irin, ọkọ̀ sì ṣí. Ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà pọ́tọ̀pọ́tọ̀, ó tún kúrò níbẹ̀.

Mo ṣí píjìn-hóòlù. Bóòtù àkọ́kọ́ tí mo mú ló wọ ihò náà. Ó fi sípánà dè é, ó parí. Bóòtù kan! Ó ti wà lọ́wọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀, ó ń dún kó-kó-kó tí mo bá bọ́ sínú kòtò, tí mo ń bínú sí ariwo rẹ̀.

Òun náà ló ní ó yani lẹ́nu pé kọ́kọ́rọ́ mi gba ọpọlọ tuntun láìjẹ́ pé wọ́n fi kọ̀ǹpútà so wọ́n pọ̀, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kò ní ṣí bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ sikáànì ka nọ́ńbà ṣáásì tó wà nínú ọpọlọ náà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, a jọ ń fi wọ́n wé èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìkan tó yàtọ̀. Ó yí àpótí náà padà, ó fi èékánná ha abẹ́ irin tí wọ́n fi gbé e kọ́.

Kútẹ́ẹ̀sì pupa.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní òun ló kọ nọ́ńbà ọkọ̀ mi sínú rẹ̀ kó lè bá kọ́kọ́rọ́ mu. Mo ní kútẹ́ẹ̀sì ńkọ́, òun náà ló kùn ún ni? Ó pa fóònù. Kò gbé e mọ́ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Gbogbo wọn, olè ni wọ́n! Ẹni tó tú u, ẹni tó tà á, ẹni tó ń kó o wọlé. Ó dáa, ọmọbìnrin yẹn kì í ṣe olè, owó iṣẹ́ wákàtí kan ló gbà. Àmọ́ láti òní lọ, èmi ò ní jókòó síbi ibòji ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ yáa gbọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀, mi ò ní sùúrù púpọ̀. Bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n: tó bá kún, bíi fóòtì 12.6 ni nígbà tí ọkọ̀ kú, bíi 14 tó bá ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, fíùsì, wáyà ẹ́ẹ̀tì, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò wọlé dópin. Bóòtù kì í ṣàdédé ṣẹ́kù. Kóòdù tí ẹ̀rọ sikáànì bá gbé jáde tó fi U bẹ̀rẹ̀, bíi U0100, ohun tó ń sọ ni pé ọpọlọ ọkọ̀ ò dáhùn. Wáyà tó já lè fà á, kò túmọ̀ sí pé ó jóná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, ti airbag ni, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ẹ má fi gíloòbù tẹ́sítà gún un, ó lè bú mọ́ yín lójú. Ẹ yọ ẹnu bátìrì, kẹ́ ẹ dúró bí ìwé ọkọ̀ yín bá ṣe wí: 90 ìṣẹ́jú àáyá ni ti ọ̀pọ̀ Toyota, ìṣẹ́jú 3 ni ti Honda. Kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà nínú ọpọlọ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín níṣojú yín, kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì fi èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ní àwọn á fún yín ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Rìmóòtù mi ò ṣí ilẹ̀kùn mọ́ títí di òní, torí àpótí kejì tó wà nínú ọkọ̀ mi báyìí, ti ọkọ̀ ẹlòmíràn ni. Tèmi ṣì wà lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn, á ti máa fi sítíkà tuntun bò ó. Tí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ fún yín nínú ọ̀rá, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ha ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá rí ìlà pupa méjì níbẹ̀, tèmi ni.