Irin Sọ́dà Wo Ni Kí A Fi Rọ́pò Èyí Tí Ó Jóná? Àgbéyẹ̀wò Pinecil V2

Ẹni tí ó ń tún rédíò àti áńpílífáyà ṣe nílé nítorí pé ó nífẹ̀ẹ́ sí i, tí kì í ṣe iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun, kò nílò irin sọ́dà (irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì láti lẹ nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù) ńlá. Ohun tí ó nílò ni èyí tí ooru rẹ̀ dúró sójú kan. Ibi tí irin tí a ń ki bọ iná ilé ti ń jáni kulẹ̀ ní Abẹ́òkúta gan-an nìyí. Bí fóltéèjì bá já wálẹ̀ láti 230 sí 160, èyí tí kò ṣàjèjì sí wa ní Ọbańtokò ní ìrọ̀lẹ́, irin tí wọ́n kọ wáàtì 60 sí lára kò ní lè mú ju nǹkan bíi 29 jáde, nítorí pé agbára rẹ̀ ń yára dínkù ju fóltéèjì fúnra rẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀dì yóò kàn di kókó sójú bọ́ọ̀dù láìdán, kò sì ní mú dáadáa. Nígbà tí wáyà agbóná inú tèmi já, n kò wá irú rẹ̀ mọ́.

Àwọn irin sọ́dà kan wà nígboro tí wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yan ooru láti 200 dé 450°C. Wọn kò burú fún ẹni tí iná rẹ̀ dára. Hakko FX-888D, irin sọ́dà tí ó ní àpótí tirẹ̀, tí ó jẹ́ wáàtì 70, dára jù wọ́n lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni ó ń gbé, iná ilé náà ni ó sì ń jẹ.

Pinecil V2 tí mo rà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Pine64, ọdún 2022 ni ó jáde. Kò nípọn ju bírò ńlá lọ. Iná DC (irú ti bátìrì) ni ó ń lò, láti fóltì 12 dé 24, yálà láti ojú USB-C tàbí ojú róbótó. Wáàtì 88 ni wọ́n pè é lórí fóltì 24. Lórí 12, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni ó kù, ìyẹn 22. Mo ń so ó mọ́ bátìrì ínfátà oní-fóltì 12 nígbà tí iná bá lọ, mo sì ń fi ṣájà láptọ́ọ̀pù oní-fóltì 20 lò ó nígbà tí iná bá wà. Ṣájà yìí kò bìkítà bí iná ilé bá rẹlẹ̀ díẹ̀, fóltì 20 rẹ̀ náà ni yóò máa gbé jáde.

Mo fi pààrọ̀ fọ́lúùmù rédíò kan tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. 320°C ni mo gbé e sí, nítorí pé lẹ́ẹ̀dì 60/40 (tánńganran 60, òjé 40 nínú ọgọ́rùn-ún) ti máa ń yọ́ tán ní 190. Lórí bátìrì, ẹsẹ̀ márùn-ún yọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹfà, tí ó so mọ́ kọ́pà fífẹ̀ abẹ́ bọ́ọ̀dù, fa ooru mu débi pé nọ́ńbà ojú irin náà já wá sísàlẹ̀ 300 kí ó tó tún máa gùn padà. Mo yí i sí ṣájà, lẹ́ẹ̀dì náà sì ṣàn lójú ẹsẹ̀, ó ń dán gbinrin.

Bí a bá gbé e kalẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò dín ooru kù. Bí a bá tún mú un, yóò gbóná padà. Èyí ń mú ẹnu rẹ̀ pẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fáìlì ha ẹnu irú irin yìí gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ kan ti máa ń ṣe: irin tín-ínrín ni wọ́n fi bo kọ́pà inú rẹ̀, bí ó bá sì ti ṣí, lẹ́ẹ̀dì yóò jẹ kọ́pà náà tán. Fóòmù tútù àti lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí a tó pa á ti tó.

Kò sí ṣájà tàbí okùn nínú páálí rẹ̀, kò sì sí ohun ìgbékalẹ̀ (hángà onírin ni mo ká ṣe tèmi). Ṣájà fóònù lásán oní-fóltì 5 kò lè gbé e. Nǹkan bíi dọ́là 26 ni Pine64 ń tà á, owó ọkọ̀ yàtọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wáyà bátìrì mọ́tò tàbí páànù kí ó má rà á; irin wáàtì 100 tí ń lo iná ilé ni kí ó wá, kí ó sì máa fi jẹnẹrétọ̀ tì í lẹ́yìn.