Ibi tí màmá mi ti ṣe endoscopy ní Wuse 2

Ẹ̀yin ará Abuja tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè ibi tí wọ́n ti fi rọ́bà oníkámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun wo inú ikùn màmá mi (ìyẹn endoscopy), iṣẹ́ wọn dáa gan-an, àmọ́ owó wọn ò kéré o.

Ibi tá a kọ́kọ́ lọ lápá Nyanya, wọ́n rí pólípù nínú ikùn màmá, ìyẹn àwọn ẹran kéékèèké tó máa ń hù lára awọ inú, wọ́n kàn ní ká máa lọ sílé pé kò sí nǹkan kan. Wọn ò gé e lọ sí lab, wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ kankan. Inú bí mi gan-an.

Dókítà ti Wuse yìí fa àga sún mọ́ màmá, ó ní "Ẹ má bínú, Mà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ ẹbí díẹ̀." Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí, ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń bá ìgbẹ́ jáde, oògùn inú wo ni wọ́n ń lò. Omeprazole ni màmá ń gbé mì látọjọ́ tó ti pẹ́, dókítà wá ní ìyẹn náà lè fa oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní fundic gland polyp, tí kì í sábà yọni lẹ́nu. Ó ní èyí tó ń jẹ́ hyperplastic máa ń bá kòkòrò H. pylori rìn, tí wọ́n bá lo oògùn pa kòkòrò yẹn, pólípù náà lè rọ lọ. Oríṣi pólípù tó ń jẹ́ adenoma ló ń já wọn láyà jù torí ó lè di jẹjẹrẹ, ẹni tó bá sì ní in nínú ikùn, ó ṣeé ṣe kírú ẹ̀ wà nínú ìfun ńlá ẹ̀ ju tẹlòmíì lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń ní kó lọ ṣe colonoscopy, kí wọ́n fi kámẹ́rà gba ìdí wo ìfun ńlá. Ọ̀rọ̀ ẹbí tó ń béèrè, torí àìsàn àjogúnbá bíi FAP ni, pólípù á kún ìfun ńlá, ọgọ́rùn-ún lọ sókè, á tún wà nínú ikùn, tí wọn ò bá sì tètè bójú tó o àfàìmọ̀ kó má di jẹjẹrẹ.

Rìsọ́ọ̀tì ti ikùn màmá jáde, fundic gland ni. Dókítà ṣì ní kí wọ́n wo ìfun náà torí ọjọ́ orí wọn ti kọjá 45 tí wọ́n ní kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ìfun tipẹ́, wọn ò sì ṣe é rí. Omi oògùn tí wọ́n fi ń fọ ìfun yẹn, ó níyọ̀, màmá fẹ́ bì í, ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n sùn sí lóru yẹn. Wọ́n rí adenoma kékeré kan, wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gé e kúrò lójú ẹsẹ̀, dókítà fi fọ́tò ẹ̀ hàn wá lórí sikirínì.

Èyí tí mi ò fẹ́ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ìwé ìlànà, ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń fi Hausa ṣàlàyé fún bàbá tó jókòó tì wá. Owó lab náà, ọ̀tọ̀ ni, wọn ò sì sọ fún wa ṣáájú. Ẹ béèrè ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání.