Ìlà tó ga àti ìlà tó wọlé: bẹ́ẹ ṣe máa yẹ kọ́bọ̀ àtijọ́ wò kẹ́ẹ tó sanwó

Kọ́bọ̀ olójú ihò ayé òyìnbó, àwọn tí ìyá wa àgbà máa ń so mọ́ okùn, ti ń wọ́n báyìí, àwọn tó ń tà á á sì kọ́kọ́ sọ fún yín pé "eléyìí ní àṣìṣe lára o". Ó lè ní i lóòótọ́. Àmọ́ ìlà tó ń sọ kọ́ìnì di ọ̀wọ́n àti èyí tó bà á jẹ́ jọra gan-an, èmi náà ti kówó sílẹ̀ fún èyí tí fáìlì họ, ní Adó níbí, ọkùnrin tó tà á fún mi búra pé òǹtẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ló sán, ó ń dùn mí dòní.

Ṣẹ́ẹ mọ mọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀kù? Tó bá lanu níbì kan, sìmẹ́ǹtì á wọ ibẹ̀, tí wọ́n bá wá yọ búlọ́ọ̀kù jáde ìlà kan á ga lára ẹ̀. Bí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ kọ́ìnì náà ṣe rí nìyẹn, tó bá sán, irin á wọ ojú sísán yẹn, ìlà tẹ́ẹ máa rí á ga sókè. Fáìlì, ìṣó, òkúta, ńṣe làwọn yẹn ń gbẹ́ ẹ wọlé. Ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ nígbà tí oòrùn ṣì ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, tàbí kẹ́ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kì í ṣe lókè. Ìlà tó ga, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síná ló máa mọ́lẹ̀, òjìji á bọ́ sẹ́yìn. Ìlà tó wọlé, ẹ̀gbẹ́ tó wà nítòsí iná ló máa ṣókùnkùn. Ẹ tún wo àwọn lẹ́tà: nǹkan tó bá họ kọ́ìnì, orí lẹ́tà tó ga ló máa kọ́kọ́ bù.

Ti lẹ́tà kékeré tó ń sọ ilé tí wọ́n ti tẹ kọ́ìnì ńkọ́? H ni ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, KN ni ilé iṣẹ́ King's Norton, èyí tí ò ní lẹ́tà kankan, London ni. Torí náà tẹ́nì kan bá ní kọ́bọ̀ 1936 tó ní orúkọ ọba Edward VIII ṣàjèjì torí pé kò ní lẹ́tà, ẹ má dá a lóhùn, ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tẹ̀ ẹ́ lọ́dún yẹn.

H tó jẹ́ méjì ló le jù. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lu lẹ́tà náà sára òǹtẹ̀, H kejì á ní ara tiẹ̀, á ga, á yí rìbìtì, ẹsẹ̀ ẹ̀ á là sí méjì. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló mì nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, èkejì á pẹlẹbẹ bí àtẹ̀gùn kékeré, tí lẹ́tà gan-an á wá tín-ín-rín sí i. Ìyẹn pọ̀ nígboro, mi ò ní fi kọ́bọ̀ kún owó fún un. Lẹ́tà tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ náà wà, ẹ wo ìdí ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ààlà.

Èyí tí mo máa ń sanwó fún tọkàntọkàn ni ti òǹtẹ̀ tí etí ẹ̀ já pátápátá, tí irin wá ṣù létí kọ́ìnì bí ẹ̀kọ tó dà létí abọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ kó lè dán fún yín.